Imú Ọkọ̀, Etí Ibodè

Ọ̀gá Lásúnkànmí ki ọwọ́ bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tú ìdè méjì, ó sì fa imú ọkọ̀ náà, àpótí tó fi ń mí afẹ́fẹ́ sínú, yọ. Nígbà tó gbọ̀n ọ́n, eruku pupa dà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bí ẹni da gaàrí. Ó wo imú náà, ó wo Ìbíwùmí.

"Àǹtí, imú tí ẹ fi ń rìn láti ọjọ́ yìí nìyí? Ọkọ̀ yín ò ṣàìsàn o. Ẹ ti fún un lọ́rùn pa ni."

Ìbíwùmí fi ìka kan eruku náà. Ìbomú ló ń rán tà ní Mọ́kọ́lá, kò sì sí ẹni tó yẹ kó tètè mọ̀ ju òun lọ pé ohun tí ń mí kò gbọdọ̀ fi aṣọ dídí mí. Ó ti rán ìbomú fún ọmọ ọwọ́, ó ti rán fún ajá, ó tilẹ̀ ti rán fún òkú kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ ní bàbá àwọn kò gbọdọ̀ wọ ilẹ̀ láìbomú. Ṣùgbọ́n imú ọkọ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ lọ, kò rántí rẹ̀ rí.

Àwọn tó ṣì ń ta ohun èlò ọkọ̀ elépo ní ọjà Àràrọmí, bíi Lásúnkànmí, kò ju ìlà ìsọ̀ kan lọ mọ́. Gbogbo ọjà tó kù ti di ti bátìrì àti ti pánẹ́ẹ̀lì. Ọyẹ́ tó máa ń wá kí ìlú lẹ́ẹ̀kan lọ́dún nígbà àwọn baba wa ti di àlejò tí kò mọ ọ̀nà ilé rẹ̀ mọ́. Ó jókòó sórí Ìbàdàn, ó na ẹsẹ̀. Àwọn òpó gíga tí ìjọba rì mọ́lẹ̀ láti máa fọ afẹ́fẹ́ ń kùn lójoojúmọ́, eruku sì ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ni Màmá wà, ìyá Ìbíwùmí, wọ́n fi ìrọ̀rí ti ara wọn, gíláàsì wà ní títì pa. Ikọ́ eruku ń bá wọn jà. Dókítà ti sọ ọ́ láìfi epo bọyọ̀ pé bí wọ́n bá fi máa lo ọ̀sẹ̀ mìíràn nínú eruku Ìbàdàn, àyà wọn kò ní gbà á. Ilé Ìmí tó wà lórí òkè ní Èfọ̀n-Alààyè, níbi tí eruku kì í dé, ni kí wọ́n gbé wọn lọ. Ọkọ̀ iná ìjọba, èyí tó ń fi bátìrì rìn, ń lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n kí èèyàn tó wọ̀ ọ́, á fẹ́ atẹ́gùn sínú páìpù kan lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá húkọ́ sínú rẹ̀, kò ní wọ̀ ọ́ mọ́ nìyẹn. Wọ́n ti dá Màmá padà lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ iná lẹ́ẹ̀mejì. Bí ọkọ̀ elépo bàbá kò bá gun òkè Èfọ̀n, kò sí ohun mìíràn tí yóò gbé wọn gùn ún.

Ìdí nìyí tí Ìbíwùmí fi wá ra imú.

Lásúnkànmí to mẹ́ta sórí tábìlì. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ àpótí dúdú bíi ti èyí tó yọ. Ó ní èyí ni àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà fi sí i, nígbà tí ojú ọ̀run ṣì mọ́, pé kò léwu, kò sì láǹfààní. Kí ó tó kọjá Iléṣà, eruku á ti dí i. Ìkejì jẹ́ páìpù kúkúrú tó ní asẹ́ rìbìtì lórí. Ó ń dún bí ẹkùn tí inú bí, àwọn ọ̀dọ́ sì ń rà á nítorí ìró rẹ̀, ṣùgbọ́n abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni ẹnu rẹ̀ ń gbé, ooru ara ẹ́ńjìnnì ló sì tún ń mí padà.

"Kí ni ooru ń ṣe fún un?" ni Ìbíwùmí bi í.

Lásúnkànmí ní kó ro ti ògì. Ó ní afẹ́fẹ́ gbígbóná dà bí ògì tó ṣàn, èèyàn lè mu ún kó kún inú, kò ní gbé e dé ibì kankan. Afẹ́fẹ́ tútù ló ki. Ẹ́ńjìnnì tó fẹ́ gun òkè kì í mu ògì ṣíṣàn.

Ó wá gbé ìkẹta. Páìpù gígùn ni, ó tẹ̀ bí ọrùn lékeléke, ó sì máa ń sọ̀ kalẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ táyà iwájú lọ sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wọlé láti ìta. Ibẹ̀ tutù. Ewu rẹ̀ kò ju omi lọ, torí imú gígùn kò mọ omi yàtọ̀ sí afẹ́fẹ́. Bí èèyàn bá fi wọ inú adágún omi tó máa ń sun jáde lábẹ́ àwọn òpó ìjọba, ẹ́ńjìnnì á mu ún, ó sì sùn nìyẹn. Nínú ìsọ̀ àwọn mẹkáníìkì, wọn kì í sọ pé ọkọ̀ kú. Sísùn ló ń sùn.

Ìbíwùmí yí páìpù náà sọ́tùn-ún sósì. Ó rí àmì tí ìjọba tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ìpín mélòó ni èyí ń mu?"

"Ìpín ẹni méjì."

"Màmá mi nìkan ni mo gbé, ẹ sì mọ̀ pé òfin kì í ka awakọ̀. Ìpín ẹnì kan ni tèmi."

Òfin Ìmí kò ní kọ́lọ́fín nínú. Owó gbogbo ìlú ni wọ́n fi ń fọ afẹ́fẹ́, nítorí náà ọkọ̀ elépo kò gbọdọ̀ mí ju ìpín àwọn tó gbé lọ. Ẹni tó bá dé ibodè pẹ̀lú imú tó ju ìpín rẹ̀ lọ, wọn á dí i ní ìdajì níbẹ̀. Lásúnkànmí mọ òfin náà ju ẹni tó kọ ọ́ lọ, ìdí nìyí tó fi rẹ́rìn-ín músẹ́, tó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Àǹtí, etí ni wọ́n fi sí ibodè Ìtawurẹ́ lẹ́sẹ̀ òkè Èfọ̀n, wọn ò fi ojú síbẹ̀. Kò sójú ẹ̀rọ tó ríran nínú eruku yìí. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, Etí ò ní bi yín pé ẹni mélòó lẹ gbé. Wọ́n ti bi aráyé bẹ́ẹ̀ rí, irọ́ ni wọ́n ń gbọ́. Á ní kẹ́ ẹ ròyìn ẹni tẹ́ ẹ gbé ni, á wá fúnra ẹ̀ ka èèyàn látinú ọ̀rọ̀ yín."

"Kí ni kí n wá sọ?"

"Bí wọ́n ṣe tọ́ yín dàgbà ni kẹ́ ẹ sọ. Ẹ ní màmá yín ni, pé wọ́n ń húkọ́, pé wọ́n ń lọ gbatẹ́gùn. Etí á gbọ́ 'wọ́n', á kà á sí méjì. Èdè wa ni wọ́n kọ́ ẹ̀rọ yẹn, wọn ò kọ́ ọ níwà. Ẹ ò sì purọ́ o. Ẹ kàn bọ̀wọ̀ fún ìyá yín ni."

Ó ní gbogbo ọmọ tó ń gbé òbí lọ sókè ló ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, pé ìpín ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń pè é lọ́jà. Èmi tí mò ń ròyìn yìí pàápàá, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń sọ 'wọ́n' fún Màmá, kò sì sí ọmọ Yorùbá kan tí yóò máa wá ẹnìkejì wọn lẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ̀rọ nìkan ló lè wá a.

Ara Ìbíwùmí kò kọ́kọ́ gbà á. Ó béèrè bóyá imú kúkúrú kò lè gun òkè náà rárá. Lásúnkànmí ní ó lè gùn ún láàárọ̀ kùtù nígbà tí ọ̀dà títì ṣì tutù, ṣùgbọ́n oòrùn ni ibodè Ìtawurẹ́ ń jẹ, kì í ṣí títí oòrùn á fi kan àtàrí. Lákòókò yẹn, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì á ti di ààrò. Bó ṣe ń wí bẹ́ẹ̀ ni Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́ lẹ́yìn gíláàsì, ikọ́ náà gùn, kò fẹ́ tán. Nígbà tó tán, Ìbíwùmí ní kí Lásúnkànmí de imú gígùn náà mọ́ ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ asẹ́ tó máa mú eruku nínú páìpù náà nìkan ni wọ́n tún jọ fà. Lásúnkànmí fẹ́ èyí tí wọ́n fi òróró pa, pé òróró ń mú eruku dáadáa. Ìbíwùmí ní nínú ọyẹ́ báyìí, òróró àti eruku á pò di ẹrẹ̀ lójú aṣọ náà, pé òun ti dán an wò lára ìbomú, àwọn oníbàárà sì dá a padà. Lásúnkànmí rò ó, ó ní òróró náà tilẹ̀ máa ń ta sára wáyà tín-ín-rín tó ń wọn afẹ́fẹ́ nínú páìpù. Asẹ́ gbígbẹ ni wọ́n fi sí i.

Àfi bí ẹni pé ọkọ̀ náà ti ń dúró de imú yìí láti ọjọ́ tí wọ́n ti rọ ọ́. Wọ́n kọjá Ifẹ̀, ó ń yára. Wọ́n kọjá Iléṣà, kò mí hẹlẹ. Ìbíwùmí ń fi ọgbọ́n yà fún gbogbo omi tó bá rí lábẹ́ òpó, ó sì gbà pé òun yan ohun tó dára. Inú rẹ̀ dùn, ó pẹ́ tí inú rẹ̀ ti dùn bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Màmá jí, wọ́n tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì.

"Ọkọ̀ bàbá rẹ ń kọrin," ni wọ́n wí.

Ọkọ̀ kò pọ̀ ní ibodè Ìtawurẹ́. Etí náà dúró lẹ́bàá ọ̀nà, irin ńlá tó la ẹnu bí òdòdó elégédé, a sì máa fọhùn lóòrèkóòrè. Ohun tó ń sọ lọ́jọ́ náà ni pé ibùsùn méjì ló kù ní Ilé Ìmí, àti pé bí òun bá ti ka ẹnì kan wọlé, ibùsùn kan ti di tirẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ iwájú, tí kò gbé aláìsàn, lọ tán, tó ku ti Ìbíwùmí, ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Tìámíyù lorúkọ rẹ̀, láti Ìwó ló ti ń bọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló gbé, ìbomú obìnrin náà sì ti já lójú ọ̀nà. Ó wá wò ó bóyá wọ́n ní ẹyọ kan tí wọ́n lè yá a. Ìbíwùmí fà á yọ nínú àpò, ó ní kó máa mú un lọ, pé òun ni òun rán an.

Ọkùnrin náà dúpẹ́ títí. Ó wo ẹ̀yìn ọkọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Màmá nìkan lẹ gbé?"

"Àwọn nìkan ni."

"Alhamdulilahi. Ibùsùn kan fún Màmá, ọ̀kan fún ìyàwó mi. Ó kárí wa." Ó padà sínú ọkọ̀ rẹ̀, ìrìn rẹ̀ ti yàtọ̀ sí èyí tó rìn wá.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé Ìbíwùmí. Tó bá sọ 'wọ́n', Etí á ka ẹni méjì wọlé. Ibùsùn méjèèjì á di ti Màmá. Á wá dá obìnrin tó wọ ìbomú rẹ̀ padà sí Ìwó, kò sì sí ẹni tó mọ ọjọ́ tí ibùsùn mìíràn máa ṣófo. Tí kò bá sì sọ 'wọ́n', wọn á dí imú ọkọ̀ ní ìdajì, òkè tó wà níwájú rẹ̀ yìí sì ga débi pé èèyàn á gbé orí sẹ́yìn kó tó rí òkè rẹ̀. Ìyá òun ni òun gbé wá, ó ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀. Òun kò gbé ìyàwó oníyàwó. Ó sọ ọ́ títí, kò tù ú nínú.

Ohun mìíràn tún wà ńbẹ̀ tí ojú fi ń tì í láti rò ó. Láti kékeré, kò sọ 'ó' fún ìyá rẹ̀ rí. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí ẹnu rẹ̀ ṣèèṣì, bàbá rẹ̀ gbá a létí níwájú àwọn àlejò. Ó wá fẹ́ máa sọ ọ́ báyìí, lójú ìyá tí kò lè mí.

"Ìbíwùmí," ni Màmá pè é láti ẹ̀yìn. "Ara rẹ kò balẹ̀. Kí ni ọkùnrin yẹn wí?"

Kò lè purọ́ fún wọn. Ó sọ gbogbo rẹ̀, ti Lásúnkànmí, ti Etí, ti ibùsùn. Ó rò pé inú á bí wọn. Ẹ̀rín ni Màmá bú sí, ẹ̀rín náà di ikọ́, wọ́n sinmi kí wọ́n tó lè sọ̀rọ̀.

"Ọmọ Èfọ̀n ni mí," ni wọ́n wí, díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń mí láàárín ọ̀rọ̀. "Nílé wa, 'ìwọ' ni mò ń pe ìyá mi títí ó fi kú. Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ tó mi. Ìgbà tí mo fẹ́ bàbá rẹ ni àwọn ará Ìbàdàn ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́. Ẹkún ni mo fi kọ́ 'ẹ' yẹn, Ìbíwùmí. Mo wá fi kọ́ ẹ̀yin ọmọ mi, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi yín ṣẹ̀sín."

"Màmá, òkè yẹn ńkọ́?"

"Ọ̀nà ilé mi ni. Sọ̀rọ̀ mi bí ọmọ Èfọ̀n ṣe ń sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀. Má sọ mí di ogunlọ́gọ̀ kí n lè gbapò olórí-burúkú ẹlẹ́gbẹ́ mi."

Ó kàn wọ́n. Ìbíwùmí wa ọkọ̀ sún mọ́ irin ńlá náà, ó sì sọ gíláàsì kalẹ̀.

"Ròyìn ẹni tí o gbé," ni Etí wí. Òun kì í ṣe 'ẹ' fún ẹnikẹ́ni.

"Ìyá mi ni," ni Ìbíwùmí wí. Etí dúró dè é. "Ó ń húkọ́. Ọmọ Èfọ̀n ni. Òun ló bí mi. Òun nìkan ni mo gbé."

Omijé ti rin ìbomú rẹ̀. Kò lè bojú wẹ̀yìn.

"Ẹnì kan," ni Etí wí. "Imú ọkọ̀ yìí ju ìpín ẹnì kan lọ."

Apá irin kan nà láti abẹ́ ibodè, ó wá ẹnu páìpù náà kàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó fi páànù bo ìdajì rẹ̀, ó sì lẹ̀ ẹ́ pa. Lẹ́yìn wọn, wọ́n gbọ́ ohùn Tìámíyù tó ń sọ pé ìyàwó òun ni, pé ó ti rẹ̀ ẹ́, pé kò lè sùn lóru. Ẹnì kan, ni Etí wí fún un. Kò sí ọkọ tó ń sọ 'wọ́n' fún ìyàwó rẹ̀, nítorí náà tirẹ̀ kò nira.

Ọ̀nà tó gun òkè náà tẹ́ẹ́rẹ́. Ọkọ̀ tó ń kọrin láti Iléṣà ti ń mí gúlegúle báyìí, gíà kìn-ín-ní ló ń fi wọ́. Ìbíwùmí yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ju ọwọ́ sí Tìámíyù pé kó máa lọ, torí ìyàwó rẹ̀ kò gbọdọ̀ pẹ́ lọ́nà. Ọkùnrin náà fọn fèrè, ó kọjá, ó yí kọ́nà, kò sì rí wọn mọ́. Wọ́n ń bá a lọ. Èéfín funfun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìbíwùmí ń bẹ ọkọ̀ náà, ó ń pè é lórúkọ bàbá rẹ̀, ó bú òfin, ó bú Etí, ó tilẹ̀ bú Lásúnkànmí díẹ̀ tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Ní ibi tí òrùlé Ilé Ìmí ti hàn lókè, ọkọ̀ náà gbọ̀n, ó sì sùn.

Kò tún jí. Ìbíwùmí gbìyànjú rẹ̀ títí iná bátìrì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó kọ ẹ̀yìn sí Màmá, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ẹ gùn mí lẹ́yìn."

"Èmi ni mo pọ̀n ọ́," ni Màmá wí. "Ojú á tì mí."

"Kò sẹ́ni tó ń wò wá, Màmá. Ẹ gùn mí."

Wọ́n fúyẹ́ ju bó ṣe rò lọ, èyí sì dùn ún ju kí wọ́n wúwo. Ó fi ìró wọn dè wọ́n mọ́ra bí wọ́n ṣe ń de ọmọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Ó ń dúró, ó ń mí, ó tún ń lọ. Ẹ̀rù ń bà á pé wọn kò ní dé. Àyà Màmá ń han lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń fetí sí i bí ó ti ń rìn, torí bí ó bá ti ń han, wọ́n wà láàyè. Bí wọ́n ṣe ń gòkè sí i, eruku ń fẹ́lẹ́. Ojú ọ̀run yọ díẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ ya Ìbíwùmí lẹ́nu. Màmá fa ìbomú sílẹ̀ fúnra wọn.

Ọmọbìnrin kan tó ń tọ́jú àwọn aláìsàn jáde sẹ́nu ọ̀nà Ilé Ìmí nígbà tó rí wọn. Ó ti ń kí wọn pẹ̀lẹ́ láti òkèèrè.

"Ẹ kú ìrìn o. Ta lẹ pọ̀n bọ̀ yìí?"

"Màmá mi ni," ni Ìbíwùmí wí, ìwọ̀nba èémí tó kù fún un ló fi sọ ọ́. "Ó ti rẹ̀ wọ́n gan-an. Wọn ò jẹun láti àárọ̀."

Ọmọbìnrin náà sáré wọlé, ó gbé ibùsùn kan jáde, kò sì béèrè ẹnìkejì.